Ihò Mẹ́rin Abẹ́ Ayùn

Inú férémù fèrèsé ni Gàfárù ti kọ́kọ́ rí Súlìyát. Férémù nẹ́ẹ̀tì ni, irú èyí tí wọ́n ń kàn sójú fèrèsé kí ẹ̀fọn má baà wọlé. Ọmọbìnrin náà gbé méjì kọ́ èjìká, ó sì ki orí bọ inú ẹ̀kẹta tí kò tíì ní nẹ́ẹ̀tì, bẹ́ẹ̀ ni ojú rẹ̀ yọ láàárín igi mẹ́rin bí àwòrán tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kọ́ ara ògiri. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń tàn sí i lójú. Ó ń rẹ́rìn-ín sí nǹkan kan tí òun nìkan mọ̀.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ilé tó háyà ní Fẹ́gẹ̀, láàárín ìlú Onitsha, ni Gàfárù wà, tó kúnlẹ̀ ti ayùn tuntun rẹ̀. Ká má purọ́, ayùn náà kì í ṣe tuntun. Òyìnbó kọ́ńtírátọ̀ kan tó ń kẹ́rù lọ sílé ló tà á fún un. Ayùn oníná kékeré ni, kò tóbi ju rédíò àgbélé lọ, apá rẹ̀ sì ń yí sọ́tùn-ún sósì kí ó lè gé igi ní igun. Òṣìṣẹ́ báǹkì ni Gàfárù, ọmọ ìwọ̀ oòrùn tí wọ́n gbé wá síbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ igi ló máa ń wà lọ́kàn rẹ̀ bí máníjà bá ń bá a sọ̀rọ̀.

Iwájú ilé rẹ̀ gan-an ni igun férémù ọrùn Súlìyát ti ṣí. Igi kan já bọ́ sílẹ̀, èkejì tẹ̀ lé e. Ọmọbìnrin náà dúró, ó wo méjì tó kù lọ́rùn rẹ̀, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o!" Gàfárù ti sáré dé títì. "Ṣé kò ṣe yín léṣe?"

"Igi ló fara pa, kì í ṣe èmi. Ẹ̀yin náà ń sọ Yorùbá!"

"Ọmọ Ìsẹ́yìn ni mí. Gàfárù Dáhùnsí ni orúkọ mi."

"Súlìyát ni tèmi. Bàbá mi ni Alhaji Gbàdàmọ́sí tó ń ta irin ìkọ́lé lọ́jà. Káfíńtà kan ní Nkpor ló ṣe iṣẹ́ jágbajàgba yìí fún wa. Kò ráyè ni. Ta ló ráyè ní Onitsha báyìí?"

Òótọ́ ló sọ. Ogun ti parí láti bí ọdún mẹ́fà, owó epo ti dé, gbogbo ìlú sì ń kọ́lé. Ẹni tí bọ́ǹbù ṣí òrùlé rẹ̀ ń kan páànù tuntun, ẹni tí kò nílé rí ń da ìpìlẹ̀. Gbogbo fèrèsé ló sì ń fẹ́ nẹ́ẹ̀tì, nítorí ẹ̀fọn etí odò kò bẹ̀rù owó epo.

"Ẹ fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún mi," ni Gàfárù wí. "Ẹ wá gbà á lọ́jọ́ Sátidé."

Ẹ wo ọkùnrin! Kò tíì fi ayùn náà gé igi kan ṣoṣo rí.

Nígbà tí Sátidé fi máa dé, ìyẹ̀fun igi ti bo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mama Obiora, onílé rẹ̀ tó máa ń pè é lọ́mọ ní èdè Ìgbò, yọjú láti yàrá.

"Gafaru, nwa m, you dey cut wood abi you wan cut my house join?"

"No vex, Mama. E don remain small."

Kì í ṣe kékeré ló kù. Súlìyát dé, ó gbé férémù kan sókè, ó fi ojú kan wo igun rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ń yọ láàárín igi méjì níbi tó yẹ kí wọ́n ti pàdé.

"Bùrọ̀dá Gàfárù," ni ó wí jẹ́jẹ́, "ẹ̀fọn lè gba ibí wọlé pẹ̀lú ìyàwó àti ẹrù rẹ̀."

Gàfárù fọwọ́ bo ojú, ó ń rẹ́rìn-ín. "Mi ò mọ ohun tó dé. Ẹ wò ó, orí márùndínláàádọ́ta ni mo gbé ìka rẹ̀ lé, ìdajì igun gan-an." Ó tọ́ka sí ìka irin kékeré tó ń júwe nọ́ńbà níwájú ayùn.

"Ìka yẹn lè ti sún láti inú ọkọ̀ ojú omi. Ṣé ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò?"

Kò yẹ̀ ẹ́ wò. Súlìyát ka aṣọ lẹ́sẹ̀, ó jókòó sórí pákó. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ó ń rán kọ́tìnì fún àwọn ilé tuntun. Ó mú bébà fífẹ̀ kan nílẹ̀, ó fi sísọ́ọ̀sì gé e títí tí ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi dọ́gba, ó wá ká igun kan lé igun tó dojú kọ ọ́.

"Báyìí la ṣe máa ń wá ojú bíásì, ìyẹn ìlà tó dábùú aṣọ. Ẹ̀gbẹ́ tí mo ká yìí, kò lè purọ́. Ẹ gbé e síbẹ̀ ká wò ó."

Gàfárù kọ́kọ́ yọ wáyà kúrò lára iná, nítorí kò fẹ́ fi ìka wá ìyàwó. Ó rẹ ayùn wálẹ̀. Súlìyát fi ẹ̀gbẹ́ bébà kan ti irin ẹ̀yìn tí igi máa ń fara tì, ó sì jẹ́ kí ibi tó ká sún mọ́ ẹ̀gbẹ́ eyín ayùn. Àwọn méjèèjì tẹ̀ ba láti wò ó. Bébà kan ayùn lókè, ó jìnnà sí i nísàlẹ̀.

"Hàà!" ni wọ́n sọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Gàfárù tú sukúrù, ó ti apá ayùn díẹ̀, Súlìyát ń sọ pé, "Díẹ̀ sí i, díẹ̀ sí i, ó ti pọ̀ jù, ẹ dá a padà." Nígbà tí bébà àti irin fara kanra láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó dè é. Wọ́n gé igi méjì, wọ́n pa wọ́n pọ̀. Òkè pàdé, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ là díẹ̀. Gàfárù ló rí ìdí ìyẹn: ayùn kò nàró, ó tẹ̀ díẹ̀ sápá òsì. Ó fi irin onígun tí káfíńtà fi ń wọn nǹkan tì í, ó tún un ṣe. Wọ́n gé òmíràn.

Igi méjèèjì pàdé bíi pé wọn kò pínyà rí. Súlìyát pàtẹ́wọ́, Gàfárù sì gbàgbé ara rẹ̀ débi pé ó di ọwọ́ tó fi ń pàtẹ́wọ́ mú. Gàfárù mọ̀ níbẹ̀ pé òun ti fẹ́ràn rẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn gan-an.

"Ẹ jẹ́ n mú bébà mi lọ," ni Súlìyát wí, kò sì yọ ọwọ́ kúrò kíákíá.

"Bébà wa," ni Gàfárù dá a lóhùn.

Láti ọjọ́ náà, ilé Alhaji Gbàdàmọ́sí kò yé ní fèrèsé tó nílò férémù. Ìgbà tí ti yàrá tán, ti ilé ìdáná bẹ̀rẹ̀. Súlìyát á dé ní Sátidé pẹ̀lú bébà nínú báàgì rẹ̀ àti ọ̀jọ̀jọ̀ nínú abọ́, wọn á yẹ ayùn wò, wọn á gé igi, wọn á jẹun, wọn á rẹ́rìn-ín. Gàfárù ti ń pè é ní Súlì. Òun náà ti ń pè é ní Bùrọ̀dá mi.

Ìgbà tó kan fèrèsé pálọ̀ tó gùn ni ìyọnu dé. Bí wọ́n bá gbé igi gígùn lé ayùn, ayùn á mì, á sún lórí tábìlì, igun tí wọ́n ti fara balẹ̀ wá á bàjẹ́. Súlìyát gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó rí ihò mẹ́rin ní ìdí rẹ̀.

"Kí ni ihò wọ̀nyí wà fún?"

"Bóòtù. Wọ́n fẹ́ kéèyàn fi dè é mọ́ tábìlì."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò dè é?"

"Súlì, kí ni mo fẹ́ dè é mọ́lẹ̀ fún? Kánò ni mo wà kí n tó lọ sí Kàlábà, Kàlábà ni wọ́n ti gbé mi wá síbí. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ báǹkì, mi ò tíì kan ìṣó mọ́ ògiri kankan. Kálẹ́ńdà mi gan-an, orí àga ló ń jókòó sí." Ó fi rẹ́rìn-ín.

Súlìyát kò rẹ́rìn-ín. Ó rọra gbé ayùn padà sípò rẹ̀.

Ẹ óò mọ ìdí rẹ̀. Bílíkísù, ẹ̀gbọ́n Súlìyát, ti fẹ́ òṣìṣẹ́ rélùwéè. Wọ́n gbé ọkọ rẹ̀ láti Kàfáńchàn dé Jọ́ọ̀sì, láti Jọ́ọ̀sì dé Máídúgùrì, Alhaji kò sì tíì fojú kan ọmọ kejì tí Bílíkísù bí. Ogun ti tú ilé Alhaji ká rí, ó sá lọ sí Ìwó, ó padà wá bá ògiri lásán, ó tún un kọ́. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Súlìyát nìkan ló kù sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Nítorí náà, nígbà tí Gàfárù wọ agbádá funfun lọ sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, Alhaji gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀, ó fún un ní oúnjẹ, ó yin férémù rẹ̀.

"Láti ìgbà tó o ti ṣe nẹ́ẹ̀tì yàrá mi, mo ń sùn bí ọmọ ọwọ́," ni ó wí. "Ọmọ dáadáa ni ẹ́. Ṣùgbọ́n mi ò lè fọmọ fún ẹni tí wọ́n ń kó kiri. Má bínú sí mi."

"Mi ò bínú, Bàbá," ni Gàfárù wí, bẹ́ẹ̀ ọkàn rẹ̀ ti wó.

Bíi pé báǹkì ń gbọ́ wọn, ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni máníjà pè é pé wọ́n ti gbé e lọ sí Sókótó. Ó sọ fún Súlìyát ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ayùn wà láàárín wọn.

"Ẹ máa lọ?"

Gàfárù gbé ọwọ́ lé ayùn. Láti ọjọ́ tó ti wọṣẹ́, kò sẹ́ni tó bi í rí bóyá ó fẹ́ lọ.

"Mi ò ní bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ dúró," ni Súlìyát wí. Omi ti lé sí i lójú. "Bí mo bá bẹ̀ yín, èmi ni mo dá yín dúró, ẹ ó máa wo Sókótó lẹ́yìn mi títí ayé. Mo nífẹ̀ẹ́ yín, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti sú mi láti máa tún ayùn tó ń sún kiri ṣe." Ó yọ bébà nínú báàgì, ó gbé e lé orí ayùn, ó lọ.

Sátidé dé, Súlìyát kò wá. Òmíràn dé, ó gba iwájú ilé Gàfárù kọjá, ó ní òún ń lọ ra òwú. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti ṣófo. Mama Obiora ń gbálẹ̀ níbẹ̀.

"Nne, he don pack," ni ìyá náà wí pẹ̀lú àánú. Súlìyát kí i, ó lọ sílé, ó sunkún tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, lẹ́yìn náà ó fọ ojú rẹ̀, ó ń bá iṣẹ́ lọ.

Ìgbà tí ọjọ́ pọ̀ díẹ̀ sí i, ó gbé oúnjẹ ọ̀sán lọ bá bàbá rẹ̀ lọ́jà. Ó ń bu ọbẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ẹnì kan sọ lẹ́nu ọ̀nà pé, "Àsàlámù àlékúmù." Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Gàfárù ni. Síméńtì wà lára ṣòkòtò rẹ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ ti hù, ó sì ti dúdú sí i.

"Bàbá, bóòtù mẹ́rin ni mo wá rà," ni ó wí. "Pẹ̀lú nọ́ọ̀tì àti wọ́ṣà."

Alhaji wò ó láti òkè délẹ̀. Ṣùgbọ́n oníṣòwò ni, ó kọ́kọ́ bi í ní ìbéèrè oníṣòwò. "Báwo ni pákó rẹ ṣe nípọn tó?"

"Ìńṣì mẹ́ta."

"Ìńṣì mẹ́ta! Báwo lo ṣe fẹ́ gbé irú tábìlì bẹ́ẹ̀ dé Sókótó?"

"Mi ò lọ sí Sókótó, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wò ó."

Alhaji kó bóòtù sápò, ó ti ìsọ̀, ó ní kí Súlìyát tẹ̀ lé àwọn. Nkpor ni Gàfárù mú wọn lọ, sí ìsọ̀ kékeré kan tí páànù rẹ̀ ṣì ń dán. Tábìlì ìrókò kan wà láàárín rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti wọ inú kọnkéré, ayùn kékeré wà lórí rẹ̀. Kálẹ́ńdà wà lára ògiri. Ìṣó ló gbé e kọ́.

Alhaji gbá tábìlì mú, ó fi gbogbo ara tì í. Kò mì. Ó lọ sí apá kejì, ó tún tì í.

"Báǹkì ńkọ́?"

"Mo ti fi sílẹ̀, Bàbá."

"O fi iṣẹ́ báǹkì sílẹ̀?" Alhaji la ẹnu sílẹ̀. "Mo lé akọ̀wé lọ, káfíńtà ló padà wá bá mi!"

"Iṣẹ́ wà, Bàbá. Àwọn onílé tuntun Nkpor yìí ti ní kí n ṣe férémù fún àwọn. Kì í ṣe nítorí Súlìyát nìkan ni mo ṣe dúró. Ìgbà tó bi mí bóyá mo ń lọ, mo wá rí i pé mi ò fẹ́ lọ. Bẹ́ ẹ bá tún sọ pé rárá lónìí, ibí náà ni mo máa wà. Ẹ óò máa rí mi lójoojúmọ́ tí mo bá wá ra ìṣó."

Alhaji yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń fi etí agbádá nu imú. Lẹ́yìn náà ó kó bóòtù jáde, ó gba sípánà lọ́wọ́ Gàfárù.

"Ẹ dúró, Bàbá mi," ni Súlìyát wí. "Ẹ jẹ́ n wò ó kẹ́ ẹ tó dè é. Bébà wa dà?"

Gàfárù yọ ọ́ nínú àpò àyà. Ó ti rọ̀, síméńtì ti ta sí i létí, ṣùgbọ́n ibi tí Súlìyát ká ṣì mú dáadáa. Ó tẹ̀ ba, ó fi ti ayùn, ó fi ojú kan wò ó.

"Ó ti sún díẹ̀," ni ó wí. "Ẹ wo ohun tẹ́ ẹ̀ ń ṣe nígbà tí mi ò sí nítòsí."

"Mo mọ̀, Súlì. Ayùn nìkan kọ́ ló sún."

Súlìyát tú sukúrù, ó ti apá ayùn sípò fúnra rẹ̀, ó dè é. Kò wo Gàfárù lójú, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́ yẹn ti padà sí ẹnu rẹ̀. Alhaji bá bẹ̀rẹ̀ sí í de bóòtù, ó de ọ̀kan, ó de èkejì, ó de ẹ̀kẹta. Ó wá nà, ó di ẹ̀gbẹ́ mú, ó na sípánà sí ọmọ rẹ̀.

"Èmi ń lọ wá ìmáámù lọ́la ká lè mú ọjọ́ yìgì," ni ó wí. "Àmọ́ ihò kan ṣì kù, kì í ṣe èmi ló máa dí i. Bí o kò bá fẹ́, gbé sípánà sílẹ̀, ká máa lọ sílé."

Súlìyát gba sípánà. Ó ki bóòtù kẹrin bọ ihò, Gàfárù kúnlẹ̀ lábẹ́ tábìlì láti di nọ́ọ̀tì rẹ̀ mú, Súlìyát sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí i, ó ń yí i títí kò fi lè yí mọ́.