Ṣògo Gbààwẹ̀ Gun Òkè

Orin ìwọlé ti bẹ̀rẹ̀, àwọn ará ìjọ ti ń jó wọlé nínú aṣọ funfun wọn, ṣùgbọ́n Olúwaṣògo ṣì jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà, ó ń tú okùn bàtà. Nínú ìjọ wọn ní Thamesmead East, nílùú Òyìnbó, ẹnikẹ́ni kì í wọ bàtà wọ ilé àdúrà. Ẹnu ọ̀nà ni gbogbo bàtà ń dúró sí, àti ti olówó àti ti ẹni tó ṣì ń wá iṣẹ́. Ìyà ńlá ni òfin yìí jẹ́ fún Ṣògo ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, nítorí bàtà ìgunkè tuntun ló wọ̀, aláwọ̀ ọsàn, okùn rẹ̀ gùn bí ìwàásù. Bí ó bá bọ́ ọ kíákíá, ta ni yóò rí i? Nítorí náà ó ń tú u díẹ̀díẹ̀, bí ẹnì kan bá sì yọjú láti ìta, á tún un so kó lè tún un tú.

"Ṣé ibẹ̀ lo fẹ́ sùn ni?" Jìmí ọ̀rẹ́ rẹ̀ bi í.

"Bàtà òkè nìyí, bro. Kì í ṣe trainers tí èèyàn kàn ń fà bọ́."

"A ti rí i. Gbogbo ìjọ ti rí i. Ọlọ́run pàápàá ti rí i. Wọlé jàre!"

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Ṣògo. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìdánwò GCSE ni, ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ tó ń lọ ní Woolwich sì ti yan òun àti àwọn mélòó kan láti lọ sí Morocco, kí wọ́n lọ gun òkè Toubkal, òkè tí kò sí èyí tó ga tó o ní gbogbo àríwá Áfíríkà. Mọ́wùnmí, ọmọ ìjọ wọn tó ń gbé ní Glyndon Estate, wà lára wọn. Láti ìgbà òtútù ni Adrian, olórí ẹgbẹ́ náà, ti ń kó wọn lọ sí Plumstead Common lọ́jọ́ Sátidé. Wọn á gbé báàgì tó kún fún ìgò omi, wọn á máa gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ibẹ̀ lọ, wọn á máa sọ̀ ọ́ bọ̀. Mọ́wùnmí ń rìn. Ṣògo ń ya fídíò ara rẹ̀ níbi tó ti ń rìn. Àwọn ìyá àgbà tó ń fa ajá kiri a máa kọjá lára rẹ̀ nígbà tó bá dúró láti wá ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti dára sí ojú rẹ̀.

Lẹ́yìn ìwàásù, Ìyá Ìjọ pe àwọn méjèèjì síwájú kí wọ́n gbàdúrà fún wọn. Rosaline ni orúkọ Ìyá Ìjọ, Auntie ni gbogbo ọmọdé ń pè é. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Woolwich ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó na máìkì sí Mọ́wùnmí.

"Ẹ ṣeun, mà. Ẹ máa rántí wa nínú àdúrà," ni Mọ́wùnmí wí, ó sì fún un padà.

Ṣògo gba máìkì lọ́wọ́ Auntie kí ó tó nà án. Ẹ jẹ́ kí a má gbàgbé pé lójú àwọn Aládùúrà, òkè kì í ṣe ibi ìgbafẹ́. Ẹni tó bá ní òun ń lọ sórí òkè, àdúrà ló ń lọ gbà, ààwẹ̀ ló ń lọ gbà. Àwọn àgbà ìjọ kò lè sọ̀rọ̀ òkè kan nílé láìsọ iye ọjọ́ tí wọ́n fi ebi pa ara wọn níbẹ̀. Nígbà tí Ṣògo sì rí gbogbo ojú wọ̀nyẹn tó ń wò ó, orí rẹ̀ wú bí àkàrà inú epo.

"Ẹ̀yin ará," ó wí, "láti ọjọ́ tí ẹsẹ̀ mi bá ti kan òkè yẹn títí tí mo máa fi dé téńté rẹ̀, ààwẹ̀ gbígbẹ ni! Kò sí oúnjẹ, kò sí omi, láti àárọ̀ títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, lójoojúmọ́. Mo jẹ́jẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún ìjọ yìí!"

Halelúyà sọ ní ilé àdúrà. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n fò sókè. Uncle Gbénga, tó ń wa bọ́ọ̀sì, gbá a mọ́ra títí bọ́tìnnì kan fi já. Auntie Rosaline la ẹnu bí ẹni fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ariwo ti gbé ohùn rẹ̀ mì.

"Ṣé Adrian mọ̀ sí i?" Mọ́wùnmí sọ ọ́ sí i létí.

"Kí ló kàn án? Spiritual ni."

Ní abúlé tó wà nísàlẹ̀ òkè náà ní Morocco ni àwọn àti Adrian ti pàdé Brahim, afinimọ̀nà wọn, ọkùnrin gíga tó ń rìn bí ẹni tí kò sí ibi kankan tó ń kánjú lọ. Àwọn ìbaaka ló ru ẹrù wọn. Kí wọ́n tó gbé ẹsẹ̀ kan, Brahim tò wọ́n jókòó.

"Òkè yìí kò mọ alágbára," ó wí. "Ẹni tí ara rẹ̀ bá ti mọ́ ọn nìkan ló mọ̀. Bí a bá ṣe ń lọ sókè ni afẹ́fẹ́ ń dín kù, ara sì nílò àkókò kó tó kọ́ bí yóò ṣe máa fi díẹ̀ gbéra. Nítorí náà, a ó máa rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. A ó gun òkè lọ, a ó tún sọ̀ kalẹ̀ wá sùn nísàlẹ̀ ibi tí a gùn dé. Ẹ jẹun bí ebi kò tiẹ̀ pa yín. Ẹ mu omi bí òùngbẹ kò tiẹ̀ gbẹ yín. Bí orí bá ń fọ́ yín, ẹ sọ fún mi. Ẹni tó bá fi àìsàn pamọ́ níbí, gbogbo wa ló ń fi wewu."

Ohun tí àwọn bàbá wa náà sọ nìyẹn: ohun tí a bá fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ mú kì í bàjẹ́. Ṣùgbọ́n Ṣògo kò gbọ́, ó ń wá ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà.

Ní ọjọ́ kìíní, òun ló ń ṣáájú gbogbo wọn. Ní ọ̀sán, àwọn yòókù jókòó jẹ búrẹ́dì àti ọsàn. Ṣògo ní òun ti yó. Nígbà tí Brahim bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìgò omi oníkálukú, Ṣògo yí ẹ̀yìn padà, ó da omi tirẹ̀ sórí òkúta.

"Òùngbẹ ń gbẹ òkúta yẹn ni?" Mọ́wùnmí bi í.

"Mind your business, Mọ́wùnmí."

"Business mi ni. Bí o bá ṣubú, ẹ̀gbẹ́ mi lo máa ṣubú sí."

Nígbà tí aago mẹ́fà lù, Ṣògo jẹun bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sílẹ̀ lẹ́wọ̀n. Brahim yípo, ó ń bi wọ́n léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan bí ara ṣe rí. "Mo wà pa," ni Ṣògo wí. Òtítọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ wà nínú rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ọjọ́ kejì ni wọ́n dé ilé ìsinmi tí wọ́n fi òkúta kọ́ fún àwọn agunkè. Láti òwúrọ̀ ni orí ti ń fọ́ Ṣògo. Brahim bi í, ó ní kò sí ǹkankan. Nígbà tó di ọ̀sán, Brahim mú wọn gun òkè kọjá ilé náà kí ara wọn lè túbọ̀ mọ́ ibẹ̀, ó sì tún kó wọn sọ̀ kalẹ̀. Ó tún bi í. Ṣògo rẹ́rìn-ín músẹ́, ṣùgbọ́n nínú agbárí rẹ̀, ó dà bí ẹni pé ẹnì kan ń fi òòlù kan ìṣó. Ètè rẹ̀ ti là. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wá ilẹ̀ níbi tí ilẹ̀ kò sí. Bí wọ́n ti ń padà dé ẹnu ọ̀nà, ó bá ìbaaka kan pàdé, ó tẹ orí ba.

"Ẹ káàsán, mà," ó wí fún ìbaaka.

Ẹ̀rín pa Mọ́wùnmí, ẹ̀rù sì bà á lẹ́ẹ̀kan náà. Ó fa Ṣògo sí ẹ̀gbẹ́ ògiri.

"Ṣògo, ìbaaka nìyẹn."

"Mo mọ̀. Mo kàn ń kí i ni."

"Ìwọ tí o kì í kí Mummy mi dáadáa! Gbọ́, ó ti tó. Sọ fún Brahim, àbí kí èmi sọ fún un."

"Jọ̀ọ́, má sọ fún un! Á dá mi padà." Omijé lé sí i lójú. "Ọ̀la la máa dé orí òkè. Ọ̀la péré ló kù! Mo ti jẹ́jẹ̀ẹ́ níwájú gbogbo ìjọ. Báwo ni mo ṣe máa já ẹ̀jẹ́?"

"Ó dáa. Ìyá Ìjọ ló lè tú u. Pè é báyìí kí n tó wọlé."

Ṣògo pè é. Fóònù dún títí.

"Hello, Auntie? Ṣògo ni. Ṣé o ń gbọ́ mi?"

"Ta ni 'o' ẹ?"

"Ẹ máà bínú, mà. Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?"

"Ẹ̀n-ẹ́n. Sọ ọ́ kíá, baba kan ni mò ń bu custard sí lẹ́nu níbí, kò sì fẹ́ kó tutù."

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ààwẹ̀, omi orí òkúta, orí tó ń fọ́, títí kan ìbaaka. Auntie Rosaline bú sẹ́rìn-ín.

"Ṣògo, ta ló ní kí o gbààwẹ̀?"

"Ìjọ ni, mà."

"Ìjọ wo? Ṣebí ìwọ lo já máìkì gbà lọ́wọ́ mi! Gbọ́ mi, ọmọ mi. Nígbà tí àwa ń gbààwẹ̀ lórí òkè, a jókòó sójú kan ni. A ò gbé báàgì, a ò bá ewúrẹ́ du àpáta. A ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìwọ gbààwẹ̀, o fi máìkì kéde, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ẹ, o gbé àtẹ́wọ́ náà mì káló. Àtẹ́wọ́ yẹn lo fi ṣínu. Láti Sunday ni ààwẹ̀ ẹ ti já."

Ṣògo wo ìgò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ báàgì rẹ̀.

"Omi dà? Gbé e sẹ́nu. Mú fóònù sún mọ́ ọ̀fun ẹ kí n gbọ́ ọ bó ṣe ń lọ. Ẹ̀n-ẹ́n... ó tún kù... mu sí i. Mo ti tú ẹ sílẹ̀ lórúkọ Olúwa. Ó yá, lọ bá ọkùnrin tó ń mú yín lọ, kí o sọ òtítọ́ fún un. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Custard mi ti tutù!"

Brahim kò pariwo. Ó fọwọ́ kan iwájú orí Ṣògo, ó wo ojú rẹ̀, ó ní kó rìn lórí ìlà kan níwájú òun. Ìlà lọ sí ọ̀tún, Ṣògo lọ sí òsì.

"Èmi náà máa ń gbààwẹ̀," ó wí. "Oṣù Ramadan kì í kọjá mi. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wà lórí ìrìn-àjò, wọ́n gbà fún un nínú ẹ̀sìn wa pé kó jẹun, kó wá san ààwẹ̀ rẹ̀ padà nílé. Ọlọ́run tó dá òkè ló dá omi. Ààwẹ̀ tí o gbà kọ́ ló dùn mí. Ohun tó dùn mí ni pé mo bi ọ́ léèrè, o sì ń rẹ́rìn-ín sí mi."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Mo ti mu omi. Ọ̀la—"

"Ọ̀la, ìsàlẹ̀ ni wàá wà. Ìwọ àti Adrian ń sọ̀ kalẹ̀ nísinsìnyí tí ilẹ̀ ṣì mọ́."

Bí Ṣògo ṣe kúrò lórí òkè nìyẹn, lórí ẹ̀yìn ìbaaka tó kí.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kẹta mọ́, orí rẹ̀ ti fúyẹ́, ọkàn rẹ̀ ló wúwo. Ó jókòó ní abúlé, ó ń jẹ ẹyin àti búrẹ́dì gbígbóná, nígbà tí fóònù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Àwọn Mọ́wùnmí ti dé téńté Toubkal! Fọ́tò ti dé orí WhatsApp ìjọ. Ṣùgbọ́n atẹ́gùn òkè pọ̀, gbogbo wọn ló fi aṣọ bo orí bo imú, ojú nìkan ló yọ.

*Ẹ wo Ṣògo wa!* Uncle Gbénga kọ ọ́. *Òun ni ẹni gíga àárín yẹn! Ògo fún Ọlọ́run!*

Brahim ni ẹni gíga àárín yẹn. Ṣògo wo ọ̀rọ̀ náà títí. Àwọn ènìyàn ti ń fi àwòrán ọwọ́ àdúrà àti ti iná sí i lábẹ́. Kò purọ́ kankan. Ó kàn ti fóònù náà bọ àpò ni.

Nígbà tí wọ́n bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ rélùwéè Elizabeth line ní Woolwich, orin ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́. Aṣọ funfun kún iwájú ibùdókọ̀. Kí Ṣògo tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, Uncle Gbénga àti Jìmí ti gbé e sí èjìká. "Akọni! Ọmọ orí òkè!" Láti òkè níbẹ̀, ó rí Mọ́wùnmí tó ń fa báàgì rẹ̀ bọ̀ lẹ́yìn, tí ìyá kan ń fọwọ́ pa á lórí, "Ìwọ náà gbìyànjú, ṣé o rí i?" "Ẹ ṣeun, mà," ni Mọ́wùnmí wí. Auntie Rosaline dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó ń wo Ṣògo.

Èjìká dùn ún jókòó sí. Ṣògo kò ní purọ́ fún wa pé kò dùn. Bí ó bá dákẹ́ díẹ̀ sí i, ó ti di akọni títí ayé.

"Ẹ sọ̀ mí kalẹ̀," ó wí. Wọn kò gbọ́. "Ẹ sọ̀ mí kalẹ̀! Mi ò dé orí òkè!"

Orin já.

"Mi ò dé ibẹ̀. Mo gbààwẹ̀ kí ẹ lè yìn mí. Mo da omi nù, mo sì purọ́ fún afinimọ̀nà wa títí ara mi fi kọ̀, wọ́n wá dá mi padà. Mọ́wùnmí ló dé orí òkè. Òun ló sì ní kí n sọ òtítọ́ kí nǹkan tó bàjẹ́."

Uncle Gbénga sọ ọ́ kalẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Ta wá ni ẹni gíga inú fọ́tò?"

"Brahim ni, sà. Afinimọ̀nà wa. Mùsùlùmí ni."

"Hàà! Òun ni mo ti ń fi ṣọpẹ́ láti ọjọ́ yẹn?"

"Ọpẹ́ kì í ṣòfò, Gbénga," Auntie Rosaline dáhùn. "Ó ti dé ọ̀dọ̀ ẹni tó tọ́ sí."

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu Jìmí, ó ran àwọn ìyá, títí Uncle Gbénga fúnra rẹ̀ fi di ògiri mú. Wọ́n yíjú sí Mọ́wùnmí. Ó rí ohun tó ń bọ̀, ó fẹ́ sá, wọ́n ti gbé e. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rù òkè ń bà mí!" ó ń ké, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti orí Toubkal bọ̀. Orin tún gbéra, ó le ju ti àkọ́kọ́ lọ, òṣìṣẹ́ ibùdókọ̀ ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n yà fún èrò, òun náà ń mi orí sí i.

Ṣògo gbé báàgì Mọ́wùnmí kọ́ ọrùn, ó tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn, ó ń kọrin ju gbogbo wọn lọ. Ara rẹ̀ fúyẹ́ ju ìgbà tó wà lórí èjìká lọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka ìtàn yìí, òkè pọ̀ níwájú yín, ìdánwò ni o, iṣẹ́ ni o. Ẹ gùn wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ dé òkè, kó máa sọ ibi tó ti ń dùn ún fún ẹni tó ń mú un lọ, kó sì mu omi rẹ̀. Ìyìn kì í pa òùngbẹ.