Ta Ló Pè Mí Ní Olólùfẹ́?

Ọkùnrin náà jókòó sórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, fìlà rọ́bà kan lé góńgó sí i lórí, wáyà sì ń jáde lára fìlà náà bí irun tí wọn ò tíì dì tán. Kò mira. Kò sọ̀rọ̀. Ojú rẹ̀ nìkan ló wà láàyè, Raliat ló sì ń wò.

Dòdò tó ń tà ni Raliat gbé wá láti Ìkirè; Sàlámọ̀tù, ìyá ọkùnrin náà, ló ní kó gbé e wá sílé àwọn ní Àpòmù. Ó kúnlẹ̀. Kò tíì kí ìyá tán tí àpótí kan lórí tábìlì fi fọhùn, ohùn ọkùnrin, ketekete:

"Dòdò yẹn ti jóná."

"Láìláhà ilalláhù!" Abọ́ bọ́ lọ́wọ́ Raliat. "Ta nìyẹn?"

"Mubashir ọmọ mi ni," Sàlámọ̀tù dáhùn. "Má sá. Àwàdà ló ń bá ọ ṣe. Ta ni ò mọ̀ pé dúdú ni dòdò Ìkirè?"

Rọpárọsẹ̀ ló kọlu Mubashir lóko kòkó, ó gba ọwọ́, ó gba ẹsẹ̀, ó gba ohùn. Fọláṣẹwà, ọmọ yunifásítì kan tó ń ṣe ìwádìí, ló gbé fìlà náà wá. Lẹ́tà á máa tàn lójú kọ̀ǹpútà lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí Mubashir ń fẹ́, bó bá ti tàn báyìí, ọpọlọ rẹ̀ á ta gìrì, fìlà á sì mọ̀. Àpótí á wá pe ọ̀rọ̀ náà síta.

Raliat ò dúró gbọ́ gbogbo ẹ̀. Ó sá lọ. Ṣùgbọ́n ojú yẹn, kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ó padà wá, òun àti dòdò mìíràn.

"Èyí ńkọ́? Òun náà jóná?"

Ó pẹ́ kí àpótí tó dáhùn. "Ó jóná. Fi sílẹ̀. Màá máa gbóòórùn ẹ̀."

"Oníwọ̀ra!" Ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu.

Láti ìgbà náà, bó bá ti ná ọjà Àpòmù, á yà. Ní ọ̀sán kan, bó ṣe ń dìde, àpótí ní, "Olólùfẹ́ mi, má lọ." Raliat gbé abọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ó jókòó padà.

Nígbà tí Àbídì, bàbá rẹ̀, gbọ́, ó fò sókè. "Àpótí ló fẹ́ fẹ́ ọ? Mo ń bọ̀ wá wò ó."

Ó wá. Ó dúró ti kọ̀ǹpútà, kò sún mọ́ ọn jù, kò sì mójú kúrò. Lójijì ó nàka sí i.

"Lẹ́tà méjì péré ni Mubashir mú! Báwo ni odindi ọ̀rọ̀ ṣe jáde?"

Fọláṣẹwà ò purọ́. "Bàbá, ẹ̀rọ yìí máa ń méfò. Bó bá rí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, á gbé ìyókù wá."

Raliat yíjú sí Fọláṣẹwà. "Àǹtí, olólùfẹ́ tó pè mí ńkọ́?"

Fọláṣẹwà wo àkọsílẹ̀ inú ẹ̀rọ. "O àti L ló mú. Ẹ̀rọ ló gbé ìyókù wá."

"Ẹ ò rí nǹkan!" Àbídì pàtẹ́wọ́. "Bóyá olódòdò ló fẹ́ pè é!"

Raliat tún ìró ró, ó jáde. Ta wá ni òun ti ń bá tàkúrọ̀sọ? Mubashir fojú tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló bá a nù ún.

Fọláṣẹwà ló wá Raliat dé Ìkirè. "Mubashir ní kí n pa ìméfò náà. Ó ní kí ẹ wá jókòó ti òun."

"Ẹ̀rù ń bà mí."

"Jẹ́ ká lọ," Àbídì wí. "Ẹ̀rù ń ba èmi náà."

Wọ́n jókòó. Lẹ́tà kan tàn, wọ́n dúró. Òmíràn tàn. Òógùn ń ṣàn lójú Mubashir. Ẹ̀rọ ò bá a gbé nǹkan kan wá. Oòrùn ti yẹ àtàrí kí àpótí tó sọ̀rọ̀:

"Ẹ̀rọ ló gbé olólùfẹ́ wá. Èmi ni mo ní kí ọ̀rọ̀ náà dúró."

Àbídì yíjú kúrò lára àpótí. Ó wo ọmọ rẹ̀. "Alárinà ló gbé ọ̀rọ̀ ìyá ẹ wá bá èmi náà. Kì í ṣe ẹnu ìyá ẹ ló ti jáde. Ṣùgbọ́n òun ló ní kí wọ́n sọ ọ́." Ó mí kanlẹ̀. "Ìwọ ńkọ́?"

Raliat dìde. Ó fa ìborùn rẹ̀, ó sì nu òógùn ojú Mubashir níṣojú bàbá rẹ̀.

Lọ́jọ́ yìgì, ààfáà kọ́kọ́ yí ojú kúrò lára wáyà. Lẹ́yìn náà ló béèrè: "Mubashir, ṣé o gba Raliat ní ìyàwó?"

Mubashir ò jẹ́ kí wọ́n tan ìméfò.

M.

O.

G.

B.

Gbogbo ilé ti mọ èyí tó kù. Raliat mọ̀ ọ́n. Àbídì la ẹnu, ó tún pa á dé. Kò sẹ́ni tó bá a parí rẹ̀. Wọ́n dúró dè é, láìmí, títí A fi tàn.