Okùn Ìyá Àrìnkẹ́

Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu gbogbo àdúgbò wa ní Òdòdé Ìdànrè nìyẹn nígbà tí Raheemah kú. Ilé ìyá rẹ̀ ló wá bí àkọ́bí rẹ̀ sí. Ìrọbí mú un ní àárọ̀; kí oòrùn tó wọ̀ sẹ́yìn òkè, òun àti ọmọ inú rẹ̀ ti lọ. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún tí kò mọ orí fífọ́.

Ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tó pa á, ṣùgbọ́n ikú tí kò ní ìdí kì í pẹ́ kó tó rí ẹni tí wọn yóò dì í lé lórí. Ìyá Àrìnkẹ́, ẹ̀gbọ́n olóògbé Yẹ̀kínì, bàbá Raheemah, tó kọ́ ilé náà, ló jókòó ti Raheemah lọ́jọ́ náà. Okùn ìko ni màmá yìí ń hun tà fún àwọn tó ń di àpò kòkó. Wọ́n ní bí Raheemah bá ti kérora, Ìyá Àrìnkẹ́ á ta okùn ọwọ́ rẹ̀ ní kókó kan. Ta ni yóò sọ pé òun kò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń so ọmọ mọ́ aboyún nínú? Ìyá Habeeb, ìyá tó bí Raheemah, ló fojú ara rẹ̀ rí i, òun náà ló sì lé e jáde nínú yàrá. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti kó ìyá àgbà sí yàrá ẹ̀yìnkùlé. Ẹnikẹ́ni nínú ilé kì í gba omi mu lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.

Ọdún kan àti oṣù méjì lẹ́yìn èyí, ìrọbí mú Nimat, ìyàwó Habeebullah, ẹ̀gbọ́n Raheemah. Ilé kan náà, oyún àkọ́kọ́ náà. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán tí Habeebullah fi ọ̀kadà gbé e dé ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì Ọláwùmí yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ọ̀nà ṣì jìn, kó padà sílé, kó jẹun, kó máa rìn káàkiri, kó wá nígbà tí ìrora bá ń wá ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún. Nimat bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìta. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, ó ní ilé ẹni sàn ju bẹ́ǹṣì lọ. Kò mọ̀ pé ilé gan-an ni ẹ̀rù ń bà á.

Nígbà tó di ọ̀sán, òjò ṣú bo orí òkè. Habeebullah sọ pé ọ̀kadà kò ní ṣeé gùn nínú òjò, ó jáde lọ wá takisí. Ìyá Habeeb ti lọ sí Owena láti àárọ̀. Àwọn ará ilé kejì wà níbi tí wọ́n ti ń kó kòkó tí wọ́n sá sílẹ̀. Ó ku Nimat nìkan àti fóònù tó fi ń ka ìṣẹ́jú, iná kò sì tíì dé láti ọjọ́ mẹ́ta. Bátìrì ti fẹ́ẹ̀ tán.

Ìgbà náà ni òwìwí ké lórí igi gúáfà, ní ọ̀sán gangan.

Ìrora mìíràn dé. Nígbà tó gbójú sókè, Ìyá Àrìnkẹ́ ló rí lẹ́nu ọ̀nà, ìko lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mi ò ní wọlé bí o kò bá ní kí n wọlé," ni ìyá àgbà wí, ó jókòó sí ìloro, ó bẹ̀rẹ̀ sí hun okùn.

Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó rí okùn nílẹ̀, á fò ó. Ìrora tó tẹ̀ lé e dé, Nimat sì rí i tí ọwọ́ gbígbẹ náà ta kókó.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má so mí."

Ìyá Àrìnkẹ́ kò bínú. "Èmi ò mọ aago wò, ọmọ mi. Ọwọ́ mi ni aago mi. Àádọ́ta ọdún ló ti ń hun okùn, kò yára rí, kò falẹ̀ rí. Bí ìrora bá dé, mo ta kókó. Bí àyè àárín kókó méjì bá dín sí ìka mẹ́rin, ilé ò gbà ọ́ mọ́ nìyẹn, ilé ìwòsàn ló kàn."

Nimat kò gbà á gbọ́. Ó wo fóònù. Ìṣẹ́jú méjìlá ló wà láàárín ìrora méjì; okùn jẹ́ ìka mẹ́wàá. Ìṣẹ́jú dín sí mẹ́wàá. Okùn náà dín. Mẹ́jọ, okùn tún dín. Lẹ́yìn náà ni fóònù kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó na ọwọ́ sí ìyá àgbà pé kó wọlé.

Òjò ń rọ̀ nígbà tí Ìyá Habeeb wọlé, tó rí àwọn méjèèjì lórí ẹní kan náà. Kò pariwo. Ó já okùn gbà, ó bẹ̀rẹ̀ sí tú kókó tó kángun sí i, ó ń gbàdúrà kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, omijé ń bọ́ sórí ìko.

Nimat di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Màmá, ẹ má tú u. Òun ni mo fi ń mọ ìgbà tí màá lọ."

"Òun ló pa ọmọ mi."

"Okùn ti Raheemah ńkọ́? Ta ló tú u?"

"Èmi ni," ni Ìyá Habeeb wí. "Mo tú gbogbo rẹ̀. Mo ní bó bá ti tú tán, ọmọ á wá fúnra rẹ̀. Mo jókòó, mo ń retí."

"Mo sọ fún ọ lọ́jọ́ náà, ìyàwó wa," ni Ìyá Àrìnkẹ́ dáhùn jẹ́ẹ́. "Mo ní ó ti pé ìka mẹ́rin. O ní kí n jáde."

Okùn bọ́ lọ́wọ́ Ìyá Habeeb, ìyá àgbà gbé e, ó ń hun ún lọ. Ìrora dé, Ìyá Àrìnkẹ́ ta kókó, Nimat fi ìka mẹ́rin lé àárín rẹ̀. Ó wọ̀ ọ́ rẹ́gí. Takisí Habeebullah fọn fèrè níta.

Kí wọ́n tó kírun àṣálẹ́, Nimat ti bí ọmọbìnrin. Nọ́ọ̀sì ní ó dé lásìkò, ó béèrè irú aago tó lò.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá Habeeb lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ó béèrè okùn Raheemah. Ìyá Àrìnkẹ́, tó ti he é pamọ́ láti ọjọ́ ikú náà, fà á yọ lábẹ́ ẹní. Kò sí kókó kankan lára rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ìko tí a bá ta ní kókó kì í gbàgbé. Gbogbo ojú ibẹ̀ ló ká kò. Ìyá Habeeb fi ìka mẹ́rin wọ̀n ọ́n, láti ojú kan dé òmíràn, títí ó fi dé ibi tí wọ́n ti lé ẹni tó ń hun ún jáde. Ó gbé ìka kan kúrò. Mẹ́ta ló wọ̀ ọ́.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, okùn lórí itan rẹ̀.

"Ìyá," ló wí, "ẹ bù mí lómi mu."