Ogún Ọmọbìnrin Kí Ọjọ́ Ẹtì Tó Pé

Aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ajé ti lù, ogún àga tí Monínúọlá tò síwájú ilé ìwòsàn kékeré kan ní Òkè-Ìlá, Adó-Èkìtì, ṣì ṣófo. Ẹyọ ẹnì kan kò yọjú. Ó di ìwé mú, ojú ń tì í bí ẹni tó se àsè tí àlejò kò wá.

Kò tí ì ju oṣù mẹ́ta lọ tó parí ìdánwò àṣekágbá girama. Dókítà Fọláṣadé ló gbà á síṣẹ́ pé kó bá òun wá àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin tó ti Kútọnu àti Tógò wá ṣiṣẹ́ ní Adó, kí wọ́n lè ṣèwádìí bóyá ẹ̀jẹ̀ wọn tó. Bí wọn ò bá pé ogún títí ọjọ́ Ẹtì, ìlú mìíràn ni ìwádìí náà ń lọ, àti oògùn ọ̀fẹ́ tó bá a rìn. Ọ̀rọ̀ náà ká ọmọ yìí lára, torí ìṣojú rẹ̀ ni Sẹ́nami, ọmọ Kútọnu ẹni ogún ọdún tó ń po ìyẹ̀fun ní ilé búrẹ́dì ẹ̀gbẹ́ ilé wọn, ti dákú lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ gbọ́, kì í ṣe pé Monínúọlá yọ̀lẹ o. Ó ṣe bí ọmọ Èkìtì tí wọ́n kọ́ dáadáa. Ilé tó bá wọ̀, ọ̀dọ̀ ọ̀gá ló kọ́kọ́ ń lọ, á kúnlẹ̀, á tọrọ àyè. Ọ̀gá á pe àwọn ọmọ jáde, á ní kí wọ́n lọ. Àwọn ọmọ á dúpẹ́. Ó tán síbẹ̀.

Lọ́sàn-án, Olúwabùsáyọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ dé, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní ṣebí akọrin ìjọ àwọn lé lógún. Kí wọ́n fi orúkọ Àgànyìn pe ara wọn, kí abẹ́rẹ́ gún wọn díẹ̀, ó parí.

"Ta ni yóò mọ̀?" ó ní.

Ó dùn létí, n ò ní purọ́ fún yín. Monínúọlá kọ orúkọ mẹ́ta sílẹ̀. Ibi tó ti fẹ́ kọ ìkẹrin ni ọwọ́ rẹ̀ ti dúró. Ṣé Bùsáyọ̀ tó ń jẹ ẹyin láràárọ̀ ni wọ́n fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́rìí pé ara Sẹ́nami le? Ta ni yóò wá fún Sẹ́nami lóògùn? Bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ ń bá a, àmọ́ Sẹ́nami lè má dúró de ọjọ́ náà. Ó fa ìwé ya. Bùsáyọ̀ bínú lọ.

Nírọ̀lẹ́, Monínúọlá gba ẹ̀yìnkùlé ilé búrẹ́dì lọ, níbi tí àwọn ọmọ náà ti ń dirun fún ara wọn. Ó jókòó sílẹ̀, ó gbé orí fún Sẹ́nami kó bá òun dì í, ó sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sọ òótọ́. Sẹ́nami ya irun rẹ̀ sí méjì, ó ní:

"Ọ̀gá wa lo kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀. A rò pé oyún lẹ fẹ́ yẹ̀ wò, kí wọ́n lè lé wa padà sílé."

Ọ̀rọ̀ náà gún Monínúọlá lọ́kàn. Ọ̀wọ̀ tó ń bù fún ọ̀gá ló di ẹ̀rù sọ́kàn ọmọ iṣẹ́. Ó tọrọ ìdáríjì. Ó ṣàlàyé pé ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ni, pé nọ́ńbà ni wọn yóò kọ sí i dípò orúkọ, pé ọ̀gá kankan kò ní gbọ́ èsì.

"Bí o ò bá fẹ́, má wá," ó ní. "Mi ò ní bínú, ọ̀gá rẹ ò sì ní mọ̀."

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọ̀sẹ̀ náà ló fi kiri ẹ̀yìnkùlé dé ẹ̀yìnkùlé.

Lọ́jọ́ Ẹtì, kí aago mẹ́jọ tó lù, Sẹ́nami ti ń bọ̀ níwájú, mẹ́tàlélógún tẹ̀ lé e. Ayọ̀ kún inú Monínúọlá débi tó fi sunkún. Mọ́kànlá nínú wọn ni ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó, ti Sẹ́nami ló sì burú jù. Wọ́n gba oògùn. Láàárín oṣù méjì, Sẹ́nami ti ń gbé àpò ìyẹ̀fun láìsinmi, dídákú ti di ìtàn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, iṣẹ́ tí a bá fi irọ́ parí, ẹni tó yẹ kó ràn lọ́wọ́ gan-an ló ń pa lára. Bí ọ̀nà òtítọ́ bá dí, ẹ má gba ẹ̀bùrú. Ẹ lọ jókòó ti àwọn tọ́rọ̀ kàn, kí ẹ bi wọ́n léèrè, kí ẹ sì fún wọn láyè láti kọ̀.