Òwú Télọ̀ àti Ọ̀nà Bàálù

Télọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́ orí tábìlì ìgéṣọ rẹ̀, ó ń wọn ayé. Glóòbù ilé-ìwé ni ọmọ rẹ̀ obìnrin yá wálé, ayé roboto bíi bọ́ọ̀lù tó ń yí lórí irin. Télọ̀ wé téèpù mọ́ ọn láàárín bí ẹni ń wọn ikùn oníbàárà tó sanra. "Dúró jẹ́ẹ́," ló ń sọ fún ayé, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń sọ fún àwọn oníbàárà tí kì í rójú dúró.

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, Ọ̀jọ̀gbọ́n sì ni gbogbo kíláàsì ń pè é nítorí ìwé tí kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdíje jọ́gíráfì ku ọ̀la. Wọ́n ti fún wọn ní ìbéèrè ṣáájú: bàálù kan fẹ́ gbéra láti pápákọ̀ òfurufú kan lápá àríwá ayé lọ sí òmíràn ní òdìkejì òkun ńlá, ọ̀nà wo ló kúrú jù? Ẹni tó bá gba ipò kìíní, òun àti òbí rẹ̀ kan yóò wọ bàálù. Ìdí nìyẹn tí Ọ̀jọ̀gbọ́n fi ń fẹ́ ẹ̀bùn náà lójú méjèèjì. Ó ti lé lógún ọdún tí bàbá rẹ̀ ti ń rán yunifọ́ọ̀mù àwọn òṣìṣẹ́ pápákọ̀, kò sì tíì fi ẹsẹ̀ kan àtẹ̀gùn bàálù rí.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ti fi rúlà fa ìlà lórí máàpù, tààrà láti pápákọ̀ kìíní dé ìkejì. Télọ̀ wò ó, ó mi orí.

"Ìyá mi, orí bébà pẹrẹsẹ lo ti fa èyí. Ṣé pẹrẹsẹ ni ayé? Bí mo bá gé aṣọ fún èèyàn bí ẹni pé pátákó ni, ṣé aṣọ náà á wọ̀ ọ́?"

Ó gé òwú pupa, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí ìlà rúlà gbà lára glóòbù. Ó wá mú òwú funfun, ó di etí rẹ̀ méjèèjì mú lórí pápákọ̀ méjèèjì, ó sì fà á le. Òwú funfun fúnra rẹ̀ ló yọ̀ lọ sókè sí àríwá, ó gba ibi tí yìnyín bò kọjá, ó tún sọ̀ kalẹ̀ sí pápákọ̀ kejì. Nígbà tó tẹ́ òwú méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, pupa fi ìka méjì gùn ju funfun lọ.

Inú télọ̀ dùn bí ọmọdé. Ó ní orí yìnyín ni bàálù máa gbà. Ó fi bébà wé òwú méjèèjì, ó tì í bọ àpò yunifọ́ọ̀mù ọmọ rẹ̀, kó lè rí nǹkan fi hàn wọ́n.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ọ̀jọ̀gbọ́n sọ ọ́ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì lẹ́nu géètì. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ọ̀kan béèrè bóyá bàbá rẹ̀ fẹ́ rán ṣòkòtò fún ayé ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n bá wọn rẹ́rìn-ín, àmọ́ ojú ń tì í. Kí aago tó lù, ó ti pinnu pé ìlà rúlà lòun máa mú. Kì í ṣe pé ó yẹ òwú wò tó rí i pé irọ́ ló ń pa. Kò kàn fẹ́ kí wọ́n máa fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Àwọn òbí jókòó sẹ́yìn gbọ̀ngàn. Télọ̀ wọ aṣọ rẹ̀ tó dára jù, ṣùgbọ́n ó gbàgbé téèpù sí ọrùn. Àwọn ọ̀rẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n rí i, wọ́n ń fi ìgbúnwọ́ tọ́ ara wọn. Nígbà tó kan Ọ̀jọ̀gbọ́n, ó fi ìlà rúlà rẹ̀ han àwọn adájọ́. Bàbá arúgbó kan láàárín wọn, awakọ̀ òfurufú tó ti fẹ̀yìn tì, béèrè bóyá kò rí ọ̀nà mìíràn rárá.

Òwú wà ní àpò rẹ̀. Kó ṣáà ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ ni. Àmọ́ ó rí téèpù lọ́rùn bàbá rẹ̀, ó sì rí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ti fọwọ́ bo ẹnu.

"Rárá, sà. Télọ̀ kan ládùúgbò wa ló ní orí yìnyín ni bàálù máa gbà. Òwú ló fi wọn ayé."

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Awakọ̀ àgbà náà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó dúró títí ariwo fi rọlẹ̀.

"Ọdún mọ́kànlá ni mo fi wa bàálù lójú ọ̀nà yẹn. Yìnyín la máa ń rí nísàlẹ̀ wa. Òótọ́ ni télọ̀ yẹn sọ. Níbo ló wà? Mo fẹ́ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́."

Ọ̀jọ̀gbọ́n wo ẹ̀yìn gbọ̀ngàn. Àga bàbá rẹ̀ ti ṣófo.

Ọmọ ilé-ìwé mìíràn ló gba ẹ̀bùn. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n délé, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, ó bẹ bàbá rẹ̀, ó sì ròyìn ohun tí awakọ̀ sọ. Ẹsẹ̀ télọ̀ dúró lórí ẹ̀rọ.

"Ó lóun fojú ara òun rí yìnyín náà?"

"Ó rí i, bàbá mi."

Télọ̀ mi orí díẹ̀díẹ̀. "Ó dáa. Mo ti dárí jì ẹ́. Dá glóòbù wọn padà lọ́la." Ó sì ń ránṣọ rẹ̀ lọ. Ì bá tẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n lọ́rùn kó jágbe mọ́ òun.

Láti ọjọ́ náà, kò sí ohun tó béèrè tí bàbá rẹ̀ kò ṣe fún un. Ṣùgbọ́n bó bá ṣí ìwé lórí tábìlì ìgéṣọ, télọ̀ kì í tún bẹ ojú wò ó mọ́. Bó bá pè é pé kó wá wo nǹkan, á ní kó béèrè lọ́wọ́ tíṣà. Ẹyin lọ̀rọ̀; bó bá bọ́, kì í ṣé kó. Ọ̀jọ̀gbọ́n ti fi ìka àbámọ̀ bọnu, ó sì ti mọ̀ báyìí pé ẹni tó bá torí ẹ̀rín ọ̀rẹ́ sẹ́ òbí rẹ̀, ara rẹ̀ ló tà ní ọ̀pọ̀. Ó ṣì ń tọ́jú òwú méjèèjì sínú ìwé jọ́gíráfì rẹ̀.

Nígbà mìíràn, bàálù máa ń kọjá lókè ilé wọn. Télọ̀ á dá ẹ̀rọ dúró, á gbójú sókè títí ariwo rẹ̀ á fi lọ tán. Ọmọ rẹ̀ náà á gbójú sókè, lẹ́yìn náà kálukú á padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.