Iyọ̀ Inú Orin Àǹtí

Láràárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí wọ́n bá ń wọn ọmọ ọwọ́ ní ilé ìtọ́jú àdúgbò, ariwo ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ọmọ yìí ń ké, ìyá tọ̀hún ń jà sí àyè lórí bẹ́ǹṣì. Ṣùgbọ́n kí Àǹtí Olórin ṣáà ti ta jìtá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kẹ́kẹ́ á pa mọ́ wọn lẹ́nu.

Aránṣọ ni Àǹtí, àmọ́ orin ló gbé e níyì. Òun ló kọ orin ọwọ́ fífọ̀ tí àwọn ọmọ iléèwé ń kọ. Orin rẹ̀ ló sọ àwọn ìyá tí wọn kì í kíra wọn di ọ̀rẹ́. "Tíṣà wa" ni wọ́n ń pè é, orí Àǹtí a sì máa wú. Àbí orí ta ni kò ní wú?

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó ń rán ẹnu aṣọ lọ́wọ́ nígbà tí onídìrí tí ṣọ́ọ̀bù wọn kọjú síra já wọlé. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún méjì, wà léjìká rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ gbà mí! Ìgbẹ́ gbuuru ló bẹ̀rẹ̀ lánàá. Mo po omi iyọ̀ àti ṣúgà fún un bẹ́ ẹ ṣe fi orin kọ́ wa. Kàkà kó sàn, gìrì ló mú un!"

Àǹtí ò dúró wá bàtà. Eré ni àwọn méjèèjì sá dé ilé ìtọ́jú.

Wọ́n gba ọmọ, wọ́n fa omi sí i lára. Nígbà tí gìrì náà dáwọ́ dúró, nọ́ọ̀sì àgbà kọjú sí onídìrí.

"Báwo lo ṣe po omi yẹn?"

Orin ni onídìrí fi dáhùn:

"Omi líta kan, ẹ rọ ọ́ sábọ́,
Ṣúgà ṣíbí mẹ́fà, iyọ̀ ṣíbí mẹ́ta,
Ẹ máa fún ọmọ mu, ara á le o."

"Iyọ̀ ṣíbí mélòó?" Nọ́ọ̀sì figbe ta. "Ìdajì ṣíbí tíì ni! Iyọ̀ tó pọ̀ a máa fa omi ara ọmọ gbẹ, ó sì lè ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́. Díẹ̀ ló kù kó o fọwọ́ ara ẹ pa á! Èmi gan-an ni mo kọ òdiwọ̀n yẹn sínú ìwé fún Àǹtí. Ibo lo ti rí mẹ́ta?"

Onídìrí wo Àǹtí, ó sì wolẹ̀. "Ẹ má bínú, mà. Ó lè jẹ́ pé mo ṣì í gbọ́ ni."

Kò ṣì í gbọ́ o! Lọ́jọ́ tí Àǹtí ń kọ orin náà, "ìdajì" kọ̀, kò bá ohùn orin lọ. Ó fà á, ó tì í, kò jókòó. Àmọ́ "mẹ́ta" tẹ̀ lé "mẹ́fà" wọ̀ọ́rọ̀wọ́. Ó ní iyọ̀ kékeré náà ni, òun á tún un ṣe tó bá yá. Àwọn ìyá jó sí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ijó wọn dùn mọ́ ọn, ló bá gbàgbé.

Báyìí, ìtìjú bò ó débi pé ó ń ka ìwé ara ògiri bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ò kàn. Ẹ wo àgbàlagbà! Ó jẹ́ kí wọ́n bá aláìmọwọ́mẹsẹ̀ wí ṣójú rẹ̀.

Onídìrí bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó pe ọkọ rẹ̀ lórí fóònù. "Bàbá ẹ̀, ẹ forí jì mí. Etí mi ló ṣì gbọ́. Àǹtí kọ́ wa dáadáa."

Èyí ni Àǹtí ò lè gbé mì. Ó tọ̀ ọ́ lọ.

"Má parọ́ mọ́ ara ẹ nítorí mi. Mo rí ìdajì nínú ìwé, mo fi mẹ́ta rọ́pò rẹ̀ kí orin lè dùn. Mo tún dákẹ́ nígbà tí wọ́n ń bá ẹ wí."

"Kí orin lè dùn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Àǹtí, ọmọ mi mà nìyẹn."

Kò bú u. Ì bá bú u, ì bá sàn fún Àǹtí.

Nọ́ọ̀sì ti gbọ́ wọn. "Ìtìjú kọ́ ló kàn, Àǹtí. Ilé mélòó ni orin yẹn ti dé? Ọmọ mìíràn lè máa mu ún lọ́wọ́ báyìí."

Láti ọ̀sán yẹn ni Àǹtí ti ń kan ilẹ̀kùn kiri láìgbé jìtá dání. "Mo kọ́ yín ní ìkọ́kúkọ̀ọ́. Iyọ̀ ò gbọdọ̀ ju ìdajì ṣíbí tíì lọ." Ẹlòmíì pòṣé. Ìyá arúgbó kan ní, "Ìwọ tá à ń pè ní tíṣà!" Àwọn ọmọdé ń tẹ̀ lé e, wọ́n ń kọ "iyọ̀ ṣíbí mẹ́ta" nítorí ó dùn lẹ́nu wọn. Ojú Àǹtí wálẹ̀. Ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú wọn, ó tún un kọ́ wọn.

Nígbà tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó jẹ́wọ́ níwájú gbogbo ìyá, ó sì gbé jìtá. Onídìrí dìde, ọmọ rẹ̀ tí ara ti yá wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ dúró ná, Àǹtí. Ẹ kọ́kọ́ kà á jáde nínú ìwé. Kí nọ́ọ̀sì máa gbọ́ ọ."

Àǹtí kà á bí ọmọ iléèwé. Nọ́ọ̀sì ní, "Ó pé." Ìgbà yẹn ló tó kọrin. "Ìdajì" ṣì ń kọsẹ̀ nínú orin náà. Ó jẹ́ kó máa kọsẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, tí ìgbẹ́ gbuuru bá mú ọmọ, èròjà omi iyọ̀ àti ṣúgà tó wà nínú ọ̀rá kékeré ní ilé ìtọ́jú ló dára jù. Ẹ pò ó bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára rẹ̀. Bí ẹ ò bá rí i, omi mímọ́ líta kan, ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́fà, iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì, kí ojú ṣíbí kọ̀ọ̀kan tẹ́jú, kó má ga. Ẹ tọ́ ọ wò. Tó bá níyọ̀ ju omijé lọ, ẹ dà á nù. Ẹ má gba ọyàn lẹ́nu ọmọ, bó bá sì ń rẹ̀ ẹ́ tàbí tí gìrì mú un, ẹ gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú kíákíá.

Ẹni tó bá ń kọ́ aráàlú, bó ti wù kí ohùn ẹ̀ dùn tó, kó jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò kó tó gbé e síta. Bó bá ṣì wí, kó tètè sọ pé òun ṣì wí. Ìtìjú ò ní pa á. Iyọ̀ àpọ̀jù lè pa ọmọ ọlọ́mọ.