Ìlà Tí Kò Sẹ́ni Tó Kà

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Ngaire Pōtae tan kọ̀ǹpútà rẹ̀ nínú ọ́fíìsì kékeré tó wà lẹ́bàá èbúté ìlú Ōpōtiki, ó sì bá ibi tó ń kó ohùn àwọn àgbà pa mọ́ sí lófìfo. Ohùn igba ó lé méjìlá, gbogbo wọn jẹ́ ti olóògbé. Orin tí ìyá rẹ̀ àgbà fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún wà nínú wọn. Olè tó kó wọn ti nu ẹ̀dà kejì pẹ̀lú. Lẹ́tà kan ló fi sílẹ̀: “Ẹ sanwó kó tó di ọjọ́ Ẹtì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ màá tà wọ́n fún àwọn tó ń kọ́ ẹ̀rọ ní ọ̀rọ̀ sísọ.”

Ngaire mọ ibi tí olè gbà wọlé. Lánàá, ẹnì kan tí kò kọ orúkọ fi àlàyé ránṣẹ́ sí Ngaire àti gbogbo àwọn tó ń kọ kóòdù nílùú náà, lórí irinṣẹ́ tuntun tó ń so ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n mọ́ ibi tí wọ́n ti ń kọ kóòdù. Ìlà àṣẹ kan péré ni: ẹ dà á kọ, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ fèrèsé dúdú tí wọ́n ti ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, ó parí. Ngaire lẹ̀ ẹ́, ó lọ po tíì. Kò kà á. Ta ló ń kà á nínú wọn?

Brent Hallam, tó máa ń bá a tún kọ̀ǹpútà ṣe, wọlé pẹ̀lú páì gbígbóná méjì, ó gbé wọn ka orí tábìlì.

“Àǹtí, mo gbọ́. Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Irú ẹranko wo nìyẹn?”

“Gbé oúnjẹ yẹn kúrò níbẹ̀!” A kì í gbé oúnjẹ síbi tí ohùn òkú wà. Ọdún mẹ́ta ni Brent ti mọ èyí.

“Ẹ má bínú. Ṣùgbọ́n ẹ sanwó yẹn, Àǹtí. Ọlọ́pàá ò lè rí i mú.”

Ngaire jẹ páì tirẹ̀ níta, ó dúpẹ́, ó sì pe Sájẹ́ǹtì Leota. Àwọn méjèèjì wá ka ìlà náà ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Láàárín rẹ̀ ni àdírẹ́sì kan lúgọ sí, tó ń jí gbogbo ọ̀rọ̀ aṣínà kó.

“Ta ló ni ín?” Leota bi í.

“Òun náà ló máa sọ fún wa.”

Ngaire fèsì lẹ́tà olè náà: “Ìdajì ohun tẹ́ ẹ kó ló wà ní títì. Ẹ lẹ ìlà yìí mọ́ fèrèsé dúdú, á ṣí i.” Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ìlà náà ń ṣe: kó sọ orúkọ kọ̀ǹpútà àti ibi tó wà.

Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, èsì dé. Kọ̀ǹpútà Brent Hallam. Ngaire àti Leota bọ́ sínú ọkọ̀ ọlọ́pàá.

Nígbà tí wọ́n fi máa dé ilé Brent, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ti ṣí sílẹ̀ gbayawu. Brent ti rí i pé ìlà náà kò ṣí nǹkan kan. Etí omi ni wọ́n bá a, nínú ọkọ̀ ojú omi, ẹ́ńjìnnì ti ń dún.

“Pa ẹ́ńjìnnì yẹn!” Leota kígbe, ó fò sínú ọkọ̀. “Níbo lò ń lọ?”

“Mò ń lọ pẹja ni.”

“Kí ló wà nínú kúlà oníyìnyín yẹn?”

“Oúnjẹ ni.”

Leota ṣí i. Sọ́séèjì àjẹkù, ẹja ìdẹ tó ti ń rùn, àti nísàlẹ̀ wọn, nínú ọ̀rá, díìsìkì tí ohùn wà lórí rẹ̀.

“Ìyá mi àgbà lo kó sábẹ́ ẹja jíjẹrà,” ni Ngaire wí. “O rí mi lára, Brent.”

“Ẹ̀yin lẹ lẹ̀ ẹ́ fúnra yín, Àǹtí. Kò sẹ́ni tó ń kà á.”

“Ìwọ náà ńkọ́, ṣé o ka èyí tí mo fi ránṣẹ́ sí ọ?”

Kí wọ́n tó dé àgọ́ ọlọ́pàá, Brent ti jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀.

Níbẹ̀, Ngaire nu díìsìkì náà títí ó fi mọ́, ó wọ́n omi sí i, ó gbàdúrà. Leota gbé bébà kan wá tí wọ́n kọ ìlà àṣẹ sí.

“Ẹ kàn tẹ èyí sínú fèrèsé dúdú, Àǹtí, kí ẹ̀dà lè jáde fún ilé ẹjọ́.”

“Kà á sí mi létí.”

“Gbogbo rẹ̀?”

“Gbogbo rẹ̀.”

Leota kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Nígbà tó kà á tán, Ngaire tẹ̀ ẹ́ wọlé. Ìyá àgbà húkọ́ lẹ́ẹ̀kan nínú ẹ̀rọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ orin.